Ìgbálẹ̀ Tí Mo Gbé Ti Ilẹ̀kùn Bàbá Tíṣà

Ilé oníyàrá mẹ́fà ni a jọ ń gbé ní Ìkòtún, yàrá mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, kànga kan, ilé ìyàgbẹ́ kan, àti ìgbálẹ̀ onígi kan. Ìgbálẹ̀ yẹn ni ìjọba wa. Yàrá tí ọ̀sẹ̀ bá kàn ni yóò gbá ojúdé, òun ni yóò fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, òun ni yóò da omi sí ilé ìyàgbẹ́. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, yóò gbé ìgbálẹ̀ náà lọ ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tó kàn, láìsọ̀rọ̀. Kò sí ìwé, kò sí ìpàdé. Tí o bá jí tí o rí ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ó ti kàn ọ́ nìyẹn, kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀.

Àpọ́n ni mí nígbà náà, mo ń tún sítóófù ṣe lábẹ́ àtíbàbà kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì kejì ilé-ìwé mọ́dà lọ. Ẹ̀rù ni mo kà jù. Mo bẹ̀rù ikú, mo bẹ̀rù ṣọ́jà, mo bẹ̀rù wolé-wolé, mo tún bẹ̀rù kànga ilé wa. Ẹni tó bá ní kí n wá ka àwọn ẹ̀rù náà fún òun, n ó kọ́kọ́ bẹ̀rù onítọ̀hún ná.

Yàrá tó kọjú sí tèmi ni Bàbá Tíṣà ń gbé. Ará ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tirẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán bí òpó iná. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni, ìjọba ṣọ́jà ló wà lórí oyè. Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ìmọ́tótó ni kí gbogbo ènìyàn máa ṣe. Wolé-wolé á máa wọlé yẹ gọ́tà wò. Lóṣù tí mo ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ tèmi ló bọ́ sí i. Láti ọjọ́ Ajé ni ìgbálẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan, òjò ni. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ni. Ọjọ́ kẹta, ká má purọ́, ọ̀lẹ ni. Nígbà tó di Jímọ̀, ẹnìkan tó gbé sítóófù wá láti Ẹ̀gbẹ́dá sọ fún mi pé ṣọ́jà ló ń tẹ̀lé wolé-wolé báyìí, pé wọ́n ń mú àgbàlagbà fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú títì.

Mi ò sùn dáadáa. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ mo jáde lọ wo gọ́tà náà. Omi dúdú ti dúró sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ti ga bí ebè. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni, tí mo bá ti mú ṣọ́bìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ tí yóò lé ẹ̀rù lọ. Dípò ṣọ́bìrì, ìgbálẹ̀ ni mo gbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn tí n ó gbé e tì.

Bàbá Tíṣà ti lọ sílé láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ sin ẹbí rẹ̀ kan. Mo rò ó pé: ta ni wọ́n máa mú fò nínú yàrá tí kò sẹ́nìkan? Wọ́n á kanlẹ̀kùn, wọ́n á rí i pé àgádágodo ló wà níbẹ̀, wọ́n á bú ẹni tí kò sí nílé, wọ́n á sì lọ. Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n nìyẹn. Mo gbé ìgbálẹ̀ náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì yára padà. Mi ò wo ibi tí àgádágodo wà. Ẹ̀yìn mi ni mo ń wò, kí ẹnìkan má baà rí mi.

Bàbá ti dé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nígbà tí mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni mo gbọ́ ìró bàtà. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo sá sí. Mo ti ilẹ̀kùn páànù náà, mo di ìkọ́ rẹ̀ mú, mo sì lóṣòó bí ẹni tí ó ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni mo gbọ́.

Wolé-wolé ní, “Gọ́tà ta nìyí?”

Lẹ́yìn náà ni ṣọ́jà kan béèrè ẹni tí ọ̀sẹ̀ kàn. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Tíṣà, ohùn tíṣà gan-an, tí kì í yára.

“Ẹnu ọ̀nà mi ni ìgbálẹ̀ wà. Tèmi ni.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ gọ́tà di báyìí?”

“Mo ní tèmi ni.”

Ìyá Ẹlẹ́kọ, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá ìparí, bẹ̀ wọ́n títí. “Ẹ ṣàánú, ẹ wo irun orí wọn. Ẹ jẹ́ kí n kó o fún wọn.” Ṣọ́jà náà ní kí ó wọlé. Wọ́n ní kí Bàbá di etí méjèèjì mú, kó fò láti ẹnu géètì dé oríta, kó sì fò padà. Mo ka ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí kò fi dún sétí mi mọ́. Ìkọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ mi. Ìkọ́ lásán ni, ọwọ́ ọmọdé lè ṣí i.

Nígbà tí mo jáde, Ìyá Ẹlẹ́kọ ń fi aṣọ tútù nù Bàbá lójú lórí àga. Ó wò mí.

“Níbo lo wà?”

“Inú ló ń run mí.”

“Inú tìẹ náà mà gbọ́n o. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó run.”

Ọwọ́ mi ló kó ẹrẹ̀ gọ́tà náà lọ́jọ́ yẹn. Kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Orúnkún Bàbá wú. Ó rọlẹ̀, ó tún wú. Láti ìgbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹ̀yìn tó nà ṣánṣán bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá kàn án, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti gbá ojúdé, tí mo ti kó gọ́tà, tí mo sì ti gbé ìgbálẹ̀ padà sí ibi tó wà. Mo ń gbé omi gbígbóná lọ fún un láti fi jó orúnkún. Ó ń sọ fún gbogbo ilé pé, “Onísítóófù yìí, ọmọ dáadáa ni.” Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí ata bọ́ sí lójú, tí wọ́n tún ń yìn ín pé ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa.

Ó wá ní kí n máa kàwé fún òun nírọ̀lẹ́. Mo rò pé Bíbélì ni. Ó yọ ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti bọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ewì ni, òyìnbó ayé àtijọ́ ló kọ wọ́n, àlùfáà ló pọ̀ jù nínú wọn, ó ní ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ó ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Mo ní, “Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó.” Ó ní, “Ṣáà máa pe lẹ́tà. Èmi ni n ó gbọ́.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Èmi ń pe ọ̀rọ̀ tí kò yé mi, tó gún bí ẹ̀gún ọ̀pẹ, ọwọ́ mi tó ń rùn kẹrosíìnì ń ṣí ojú ìwé. Òun dijú, ó ń tún un pè bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo ìwé náà ń rùn bí sítóófù. Ó ní kò burú, pé ó kéré tán, kòkòrò ò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Mo ti rò pé ewì ẹ̀sìn á máa yin Ọlọ́run ni. Àwọn yìí ń bá a ṣẹjọ́. Ọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìráhùn, á ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tú àpò, á ní kò sí nǹkan tí òun lè ṣe tó lè tó o, kódà omijé òun náà ò mọ́ tó láti wẹ òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kókó tán, á wá yí padà pé Ẹnìkan ti dúró níbi tó yẹ kí òun dúró sí. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí yé mi. Mo bi Bàbá pé kí ló ń ba àwọn òyìnbó yẹn lẹ́rù tó báyẹn.

“Ohun tó ń ba ìwọ náà lẹ́rù ni,” ó ní. “Àjàkálẹ̀ àrùn ń pa wọ́n lóde, ọmọ ń kú lọ́wọ́ ìyá. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí dókítà gidi. Tí ikú bá súnmọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, kì í béèrè bóyá Ọlọ́run wà. Ohun tó ń béèrè ni pé, ta ló máa dúró fún mi?”

“Tí kò bá sẹ́ni tó dúró fúnni ńkọ́, Bàbá?”

“Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sunkún. Ka èyí tó kàn.”

Gbogbo ewì náà ló wá ń pè mí lórúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan a ka ti aláìlẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n nà dípò ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo wo orúnkún Bàbá. Lọ́jọ́ mìíràn, ti ẹni tó sá pamọ́ tí ìfẹ́ sì ń wá a kiri. Mo rántí ilé ìyàgbẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Bàbá mọ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ìgbálẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ gbà á ni bíi ti Ẹni tí wọ́n ń kéwì fún, pé ó ń fi ìwé yìí dúró dè mí kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Tí ó bá sọ pé, “Wá,” inú mi á kọ́kọ́ run, ìyẹn inú tó gbọ́n yẹn.

Ọdún kan kọjá báyìí. Orúnkún náà wá ń ṣe omi. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wá láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ náà ti rẹ̀. Mo rí i pé tí mi ò bá tètè sọ ọ́, òkú ni n ó jẹ́wọ́ fún. Ẹ̀rù yẹn ló ṣẹ́gun ẹ̀rù tó kù. Ẹ má ṣe rò pé ìgboyà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo pa ìwé náà dé láàárín ewì.

“Bàbá, ìgbálẹ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó yẹn, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe tiyín.”

Ó ṣíjú. “Ìgbálẹ̀ wo?”

“Èyí tí wọ́n fi mú yín fò. Tèmi ni. Mo gbé e ti ilẹ̀kùn yín. Mo rò pé ẹ ò tíì dé.”

Mo ń retí ọ̀rọ̀ tí àwọn ewì máa ń fi parí. Ohun tó sọ ni pé:

“Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mi ni. Mo ti lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé mo ti ṣi ọ̀sẹ̀ kà. Láti ọdún kan, mo ń sọ fún ara mi pé mo lọ sí òde ìsìnkú, mo fi gọ́tà sílẹ̀ fún ọmọlọ́mọ, ohun tó tọ́ sí mi ni mo rí gbà.”

“Bàbá—”

“Jáde.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe olùdúró fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Mo ti fi ọdún kan gbáko sọ ọ́ di ẹni mímọ́ nínú ọkàn mi, nítorí pé ó sàn fún mi kí ó jẹ́ ẹni mímọ́ ju kí ó jẹ́ àgbàlagbà tí mo ṣe jìbìtì fún lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá kí i, á dáhùn bí ẹni tó ń dá ẹni tó ń kọjá lọ lóhùn. Omi gbígbóná tí mo gbé lọ, ó ní kí n gbé e padà. Ìyá Ẹlẹ́kọ bi mí pé kí ni mo ṣe fún Bàbá. Mo ní kò sí. Ó ní, “Kò sí yìí mà ti mú ọ rù o. Ṣòkòtò rẹ fẹ́ já bọ́.”

Lọ́jọ́ kẹwàá, òun náà ló wá jíṣẹ́ fún mi. “Bàbá ní kí o gbé ọwọ́ kẹrosíìnì rẹ wá.”

Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ìwé náà wà lórí àyà rẹ̀. Kò ní kí n jókòó.

“Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ. Gbogbo àwọn tó kọ ìwé yìí, ohun kan ni wọ́n jọ sọ: Ẹni tó ru ẹrù náà mọ ohun tó ń rù, ó sì fẹ́ rù ú. Èmi ò mọ̀. Nítorí náà ohun tí o ṣe, kò sí ìràpadà níbẹ̀. Olè ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Má tíì dá mi lóhùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bàbá wa fẹ́ fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lóko ẹnìkan, kí ọmọ náà máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ìyá mi sunkún nítorí pé mo kéré, wọ́n bá mú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n sọ fún un pé ìkórè kan péré ló fẹ́ lọ bá wọn ṣe, pé ó máa dé kí wọ́n tó ṣọdún. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń gbìmọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀, pé kò ní dé títí gbèsè bàbá wa yóò fi tán. Mo mọ̀. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní kí n máa bá òun fún ẹyẹlé òun lóúnjẹ. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.”

“Ṣé ó padà dé, Bàbá?”

“Oko náà ló kú sí. Ìwé méjì ni mo wà nílé-ìwé nígbà náà. Gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi, ibi tó yẹ kí n wà ni ẹ̀gbọ́n mi wà nígbà tí mo ń kà á.” Ó fọwọ́ pa ojú ìwé tí kò rí mọ́. “Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi bínú sí ọ. Lọ́jọ́ kẹwàá mo rí i pé tí mo bá lé ọ, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi nìyẹn. Ìgbálẹ̀ yẹn, lọ́jọ́sí, o gbé e lé mi lórí ni. Lónìí, mo gbà á. Tèmi ni. O gbọ́?”

Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ara mi rántí.

“Dìde. Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ lo ń gbá ọ̀sẹ̀ mi.”

“Mo rò pé—”

“Má gbá a mọ́. Ohun tí mo ti gbà, o ò lè wá máa san án díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn mi. O fẹ́ sọ ọ́ di ọjà.”

Nínú gbogbo ohun tí ó bá mi sọ, èyí ló wúwo jù. Mo ti rò pé ìdáríjì á fúyẹ́. Àwọn òyìnbó inú ìwé náà mọ̀ ọ́n, mo rí i nígbà tí a padà sídìí ìwé: ibi tí wọ́n ti ń sunkún jù kì í ṣe ibi ẹ̀ṣẹ̀, ibi tí wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ká ọwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń san nǹkan ṣì ní ohun kan tó lè fi yangàn. Wọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kàn, ó jáde. Ọ̀pá lọ́wọ́ òsì, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń gbá ẹsẹ̀ bàtà kan, ó ń sinmi, ó tún ń gbá òmíràn. Ibi tó gbá ò mọ́, kò rí i. Ìyá Ẹlẹ́kọ pariwo mọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé ṣé mi ò lójú ni. Mo dúró lójú fèrèsé mi, mo di irin rẹ̀ mú, bí mo ṣe di ìkọ́ ilé ìyàgbẹ́ mú lọ́jọ́sí. Ojúkan náà ni mo dúró sí lẹ́ẹ̀mejèèjì, ká sọ tòótọ́. Ti ìkejì ló dùn mí jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá a bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kẹrin tó kàn, nígbà òjò, ó kú lójú oorun. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó gbé ìwé náà sí imú, ó fà á padà, ó ní kí n máa mú un lọ.

Kí wọ́n tó rí ayálégbé mìíràn, ọ̀sẹ̀ yípo. Ẹni tó gbá kẹ́yìn kò ronú, ó gbé ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀kùn Bàbá bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ìgbálẹ̀ òkú ni. Èmi ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn, mo tiẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Gọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Lọ́jọ́ kẹrin mo mú un. Mo kó gọ́tà, mo gbá ojúdé. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni mo ń fún un, tàbí mo tún ń san ohun tó ní kí n má san. Mo dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà. Àgádágodo ti wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fọwọ́ kàn án kó lè dá mi lójú, lẹ́yìn náà ni mo gbé ìgbálẹ̀ lọ ti ẹnu ọ̀nà yàrá tó kàn.